Ẹmu Àna Létí Odò Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀rù omi ń ba Sylvanus, akọ̀wé kóòtù láti Ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ òdìkejì odò Ọ̀sẹ̀ ni Mojí tó fẹ́ fi ṣaya wà. Akínwọlé, bàbá ọmọ, ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: bí ọ̀sán bá pọ́n kí akèrègbè ẹmu méjì tó dé, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Sylvanus sọ ẹmu kalẹ̀ létí odò, ó yọ ìwé ìlànà ìrìn-àjò ojú omi tó dà kọ ní ọ́fíìsì, ó sì kọjú sí Kàsúmù, àgbà atukọ̀.

"Bàbá, ìwé ní kí n kọ ibi tí mò ń lọ sínú bébà, kí n fún ẹni tó máa dúró létí omi. Ẹ gbà."

"Ta ni yóò wa ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́ ló máa dúró létí omi nìyẹn."

Sylvanus gba bébà rẹ̀ padà. "Ọkọ̀ yìí mà ń jò. Kò tíì rì rí?"

"Kò tíì sẹ́ni tó padà wá fẹjọ́ sùn."

"Ìwé ní kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ so ohun tó ń léfòó mọ́ra."

"Akèrègbè làwa ń so." Kàsúmù wo méjì tó wà nílẹ̀. "Àmọ́ òfìfo ni o. Èyí tó bá kún, ìsàlẹ̀ odò ló mọ̀."

Sylvanus di ọrùn akèrègbè kan mú. "Ṣé kí n dà á nù?"

"Ẹni tó bá da ẹmu àna nù ti kọ ìyàwó nìyẹn."

"Ẹ bá mi mu ún, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìmàle ni mí. Kí nìwé tìrẹ wí?"

"Ó ní atukọ̀ kò gbọdọ̀ mutí."

"Ọ̀rọ̀ wa bára mu. Èrò ọkọ̀ ńkọ́?"

Sylvanus yẹ ẹ̀yìn ìwé wò. "Kò sọ nǹkan kan nípa èrò."

"Oòrùn ń gòkè, akọ̀wé."

Ó mu àkọ́kọ́ ní ìdúró, ó mu èkejì ní ìjókòó. Kàsúmù so òfìfo méjèèjì mọ́ ọn níbàdí, ó gbé e sínú ọkọ̀. Kí wọ́n tó dé agbedeméjì odò, ẹ̀rù omi ti tán lára Sylvanus pátápátá.

"Ẹ wò ó, Bàbá, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà kì í kú sómi."

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ọkùnrin gíga kan dúró lókè èbúté tòun ti kùmọ̀, ó ń wo akèrègbè méjì tó ń fì dirodiro níbàdí ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀sán ò tíì pọ́n," ni Sylvanus wí. "A tètè dé. Ẹ bá mi tú u."

Kàsúmù kò fọwọ́ kàn án. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀, akọ̀wé. Àna rẹ ló ń sọ̀ bọ̀ yẹn, inú omi nìkan ló sì kù tí wàá sá sí."