Àrán Ìtálì Orí Fèrèsé

Kò sí ẹni tó ń ki Mọ́júbọ́lá ará Ìwàrò-Ọ̀kà tó bí Mọ́júbọ́lá ṣe ń ki ara rẹ̀. Ìyá Fèrèsé! A-wọ-ilé-láṣọ-kó-tó-wọ-onílé! Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Mọ́júbọ́lá ní àwọn àgbà yẹn ò tíì rí àrán ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pákó gbọọrọ tí wọ́n ń fi aṣọ wé, tí wọ́n ń kàn sórí fèrèsé kí irin kọ́tìnì má baà hàn. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò sọ fún un pé pákó ti wọ́n jù. Ó bá ń ṣa páálí òkú-Èkó, ẹja inú yìnyín, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Á gé e, á tẹ́ fóòmù lé e, á fi àrán pupa wé e, á wá da lọ́fíńdà lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Gàníyù káfíńtà, tó ń bá a kàn án mọ́ ògiri, kìlọ̀ fún un.

"Ìyá, páálí kì í ṣe pákó o. Tí òjò bá dé ńkọ́?"

"Gàníyù, ohunkóhun tí àrán bá ti bò, ọba ni. Ta ló ń tú aṣọ ọba wò?"

Ló bá gbé márùn-ún lọ sí Ìkàrẹ́, ó tà á fún Raliat, tí Àmúsà ọkọ rẹ̀ ń ti Mẹ́kà bọ̀. Iye tó gbà tó ra àgbò méjì.

"Ìtálì ló ti wá," ló wí. "Ojú àbúrò ni mo fi wò ọ́ tí mo fi tà á fún ọ."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kí Àmúsà káàbọ̀, àlejò kún pálọ̀ fọ́fọ́. Mọ́júbọ́lá lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé tó tóbi jù, kí ẹni tó bá rí iṣẹ́ lè rí oníṣẹ́. Àmọ́ òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn kan sì ti ń jà nínú ilé. Mọ́júbọ́lá mọ òórùn náà.

"Ta ló kó ẹja wọlé?" Àsàmáù, ìyá Àmúsà, ló béèrè.

"Ìyá, òórùn Ìtálì ni," Mọ́júbọ́lá yára dáhùn. "Bí ilé olówó ṣe ń rùn lọ́hùn-ún nìyẹn."

Kò tíì panu dé tí ológbò kan fi fò láti apá àga sórí àrán. Èkejì tẹ̀ lé e. Páálí tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná já bọ́ sórí gèlè Mọ́júbọ́lá. Àrán ya. Ìpẹ́ ẹja dà sí i lọ́rùn, àwọn ológbò sì ń bá a lá a.

Àmúsà gbé páálí náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára sókè: "Ẹja dídì. Ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn."

Àsàmáù yíjú sí Mọ́júbọ́lá.

"Ìtálì kẹ̀? Ìta ilé ẹlẹ́ja ni!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó ń jẹun ò lè gbé e mì. Raliat ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó já mẹ́rin tó kù, ó sì gbé wọn lé Mọ́júbọ́lá lórí.

"Ẹ gbé Ìtálì yín, mà. Kí owó mi délé kó tó di Jímọ̀."

Ní gáréèjì, awakọ̀ Ọ̀kà kan dúró fún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́júbọ́lá bá fẹsẹ̀ rìn, àrán lórí, ológbò mẹ́ta lẹ́yìn.