Kọfí Tí Mo Lọ̀ Lẹ́rọ Ata

Bí mo tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi lọ́la, mi ò lè gbàgbé Sátidé tí mo se kọfí fún bàbá Tóyìn ní Ìgànmú. Tóyìn ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Sùúrùlérè, ò tíì gbà kí àwọn òbí mi wá tọrọ ọmọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti pọ̀ jù. Èmi rèé, mo rò pé ẹnu yẹn náà ni màá fi ṣàlàyé ara mi.

Bàbá wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń múra láti lọ gun òkè Ìdànrè. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn, pẹ̀lú omi, aṣọ àti ìkòkò nínú rẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Yábàá gba Costain dé Ìgànmú, kó lè mọ́ wọn lára kí ọjọ́ òkè tó pé. Èmi náà darapọ̀ mọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, olórí wa bèèrè ta ló máa máa se nǹkan gbígbóná tí a ó máa mu lójú ọ̀nà. Kí n tó rò ó, ẹnu mi ti là: "Èmi ni, sà. Kọfí gidi ni màá sì se, kì í ṣe ti inú ọ̀rá tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí yẹn." Kí n má parọ́ fún yín, ti inú ọ̀rá yẹn nìkan ni mo ti mu rí láyé mi.

Mo wo fídíò bíi mẹ́rin lórí fóònù, mo di ọ̀gá. Mo ra èso kọfí tí wọ́n ti yan, mo ra àsẹ́ kékeré àti sítóòfù kékeré tó ń lo gáàsì. Ìrọ̀lẹ́ Fúráídé, mo gbé bílẹ́ńdà jáde kí n lọ̀ ọ́, iná ò sí. Mo dúró títí, wọn ò mú un wá. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa láti kékeré tí wọ́n bá ní nǹkan gbígbẹ láti lọ̀ ni mo ṣe: mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ ní ìkángun àdúgbò wa.

"Kí lèyí?" ni wọ́n bi mí.

"Kọfí ni, mà."

Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yínmú. "Ó jọ ẹ̀wà tó jóná. Ata gbígbẹ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán, àmọ́ má mikàn, màá fi èlùbọ́ díẹ̀ fọ ẹ̀rọ yẹn."

Wọ́n da èlùbọ́ sí i, ẹ̀rọ pariwo, wọ́n ní ó ti mọ́. Mo dúpẹ́, mo gba kọfí mi, mo lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí Bàbá lókèèrè ní ibi tí a ti ń pàdé ní Yábàá, mo sì sáré lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkọ ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbàgbé pé ẹrù wà lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe na gbalaja, báàgì náà yọ̀ síwájú, ó gbá mi lórí, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Bàbá ní, "Ó tó, dìde." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ní ó tó." Èèyàn méjì ló fà mí dìde, Bàbá sì rò pé àṣejù ni mo ń ṣe.

Láti ibẹ̀ dé Costain, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà, mò ń kọ́ wọn ní kọfí: bó ṣe ń hù, bí wọ́n ṣe ń yan án, bó ṣe yẹ kí omi rẹ̀ gbóná tó. Wọ́n kàn ń dáhùn pé, "Ẹn-ẹ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Inú mi dùn. Mo ti ń fọkàn yan àga tí màmá mi máa jókòó sí ní pálọ̀ wọn.

A dé Ìgànmú, a jókòó sábẹ́ igi kan. Mo gbé omi kaná, mo da kọfí sínú àsẹ́, mo ń da omi lé e díẹ̀díẹ̀ bíi ti inú fídíò. Omi ò jò. Mo mi àsẹ́, kò jò. Ìgbà tí mo bẹjú wò ó, kọfí mi ti ń dì. Èlùbọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Kí ojú má bàa tì mí, mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, mo tún bu omi sí i, mo sì ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà.

Olórí wa tọ́ ọ wò, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó rọra dà á sídìí igi. Bàbá mu tiwọn. Omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n tún mu ún.

"Kí ló ń ta báyìí?" Ohùn wọn rọlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo ní, "Bí ojúlówó ṣe máa ń rí nìyẹn, sà. Ó máa ń ta èèyàn lọ́fun."

"Àti bó ṣe ki yìí ńkọ́?"

"Agbára rẹ̀ ni, sà."

Bàbá gbé ife sílẹ̀. "Ọmọ mi, oko kọfí ni bàbá mi fi rán mi lọ síléèwé. Mo ti ká a, mo ti sá a, mo ti yan án nínú agbada kí wọ́n tó bí ẹ. Láti Yábàá lo ti ń kọ́ mi ní iṣẹ́ bàbá mi."

Mo rí i pé Tóyìn ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi lọ, ẹ̀rù sì bà mí gidi.

"Níbo lo ti lọ̀ ọ́?"

"Lẹ́rọ ata ni, sà. Iná ò sí. Èlùbọ́ ni wọ́n fi fọ ẹ̀rọ. Èmi gan-an ò sì mu kọfí gidi rí. Ẹ má bínú, sà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fẹ́ràn mi ni."

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di igi mú. "Nínú gbogbo ohun tó o ti sọ láti àárọ̀," ni wọ́n wí, "èyí nìkan ni mo gbà gbọ́. Sọ fún àwọn òbí ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Tóyìn ti di ìyàwó mi báyìí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé tí àgbàlagbà bá ń fi sùúrù bi ọ́ ní ìbéèrè, kì í ṣe pé kò mọ ìdáhùn. Ó kàn ń wò ó bóyá ìwọ máa sọ ọ́ ni. Ẹlòmíràn ni ẹgbẹ́ gbé iṣẹ́ kọfí fún. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé omi gbogbo èèyàn gun Ìdànrè. Mo gbé e, mo dákẹ́, mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín lọ sókè.