Úgù Tí Mo Gbé Lọ Bá Dókítà

Bí mo bá dàgbà débi pé mi ò rántí orúkọ ara mi mọ́, ọjọ́ tí mo da omi ẹ̀fọ́ úgù sí dókítà lára nínú ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìkìrun, ìyẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi. Síìpù ni mò ń rán sẹ́yìn aṣọ tíṣà kan lọ́jọ́ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù mi n'Inísà, nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì ni.

"Màmá Àánú, èsì ẹ̀jẹ̀ yín ti dé o."

"Ó ti dáa, àbí?" Mo ti dìde, mo ti ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ kan ti fẹ́ jó.

"Kò dáa. Ó tún ki ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní kí ẹ máa bọ̀ lónìí. Kí ẹ mú ẹnì kan tí ẹ jọ ń gbélé dání, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tí ẹ̀ ń lò wá. Gbogbo ẹ̀ o."

Mo jókòó padà, mo bá rán síìpù yẹn parí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i pé orí rẹ̀ ni mo dà kodò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkàn mi kì í lù déédéé. Tàwọn ẹlòmíì máa ń lù kì, kì, kì, bí ẹni tó ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láìkánjú. Tèmi dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń tẹ̀: á sáré, á dúró, á fò, á tún sáré. Ọjọ́ kan ló kì mí mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí mi ò lè gbé korobá omi kan ṣoṣo. Dókítà tó ń tọ́jú mi n'Ìkìrun, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, fi ẹ̀rọ wò mí, ó ní yàrá òkè inú ọkàn mi ló ń gbọ̀n dípò kó máa lù. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè dúró síbẹ̀ kó dì, kó wá gba ọpọlọ lọ.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀. Mo lè máa lo oògùn tó ń mú ọkàn rọra lù kó má sáré jù, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí èmi àti gbígbọ̀n náà sì jọ máa gbé. Tàbí kí wọ́n fi oògùn kùn mí lóorun ní ilé ìwòsàn ńlá kan l'Óṣogbo, kí wọ́n fi iná mànàmáná kan àyà mi, kó lè dà bí ìgbà tí èèyàn pa rédíò tó tún un tàn. Ṣùgbọ́n èsì ẹ̀jẹ̀ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra. Bó bá ki, tí wọ́n sì fi iná kàn mí, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì síbẹ̀ lè já, kó sì di rọpárọsẹ̀.

Ọkọ mi gbọ́, ó pariwo. "Iná? Iná tí wọ́n ń mú lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́? Tí wọ́n bá mú un lọ láàárín ńkọ́?"

Mo rò ó, mo tún un rò. Oògùn nìkan ò léwu tó iná, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí Àánú, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé pé, "Mọ́mì tèmi kì í sáré o. Wọ́n máa ń jókòó ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo ní iná ni mo fẹ́.

Ibi tí ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màámi, ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Òkukù ni ilé wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé ni wọ́n ti kó wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá ní èèyàn ò lẹ́jẹ̀ lára, gbogbo ilé ló máa dìde. Wọ́n wá gbọ́ pé dókítà ń fún mi lóògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omi. Màámi káwọ́ lérí.

"Ẹ̀jẹ̀ tí Ọlọ́run fi sí ọ lára ni wọ́n fẹ́ bù lómi? Wọn ò tó bẹ́ẹ̀! Èmi ni màá máa dá a padà."

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Òkukù láti já úgù lẹ́yìn ilé wọn, torí wọ́n ní úgù Inísà, ewé lásán ni. Wọ́n á gún un, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á po mílíìkì àti mọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Kọ́ọ̀bù ńlá kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́. Ó sì dùn! Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe o. Wọ́n fún mi ní ìwé kan níbi tí mo ti ń gba oògùn, mo ka Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ dáadáa, mo kúkú jáde girama. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n má ṣàdédé máa jẹ ẹ̀fọ́ ní àjẹjù. Mo wá sọ fún ara mi pé mi ò jẹ ẹ́, mímu ni mò ń mu ún. Tí dókítà bá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀ ń mu àgbo?", màá gbé àgbọ̀n sókè, màá ní, "Rárá o, dókítà. Onígbàgbọ́ ni wá, a kì í mu àgbo nílé wa." Òun náà á wo èsì ẹ̀jẹ̀, á mi orí, á fi kún oògùn mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra tí à ń wá, a ò tíì rí ọ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá pè lọ́jọ́ yẹn, mo sáré délé láti mú Màámi. Mi ò tíì mu úgù àárọ̀. Wọ́n rọ ọ́ sínú ike omi, wọ́n dé e pinpin, wọ́n ní kí n mu ún lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà kẹ̀? Èrò mẹ́rin ló há mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, oòrùn ń jó wa, ọkọ̀ ń jù wá sókè sódò láti Inísà dé Ìkìrun. Mo ti ike náà sí ìsàlẹ̀ báàgì mi pátápátá, mo gbàgbé pé mílíìkì àti mọ́ọ̀tì kì í fara balẹ̀ sínú ooru.

A wọlé. Dókítà ní kí n kó ohun gbogbo sórí tábìlì. Mo kó oògùn jáde. Mo kó paracetamol jáde. Mo tiẹ̀ kó súìtì tọ́ọ̀mù-tọ́ọ̀mù tí mo ń lá sẹ́nu jáde, kí ó lè mọ̀ pé olóòótọ́ ni mí. Ike úgù nìkan ni mo fi sílẹ̀. Dókítà ka oògùn inú páálí lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó pé bó ṣe yẹ kó pé.

Ó wò mí. "Màmá Àánú, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ máa ń yọ ọ́, tí ẹ sì ń dà á nù?"

"Èmi! Kí n dà á nù!" Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì búra. Mo búra pẹ̀lú orí ọmọ, mo búra pẹ̀lú Bíbélì, mo ní kí wọ́n la ikùn mi wò. Mo wá gbé báàgì sókè, mo là á mọ́ orí tábìlì: "Ohun tí mò ń gbé mì náà nìyí! Kò sí òmíràn!"

Òmíràn dáhùn. Ó dún gbòà! Ìdérí ike ta jáde, ó lọ bá àjà. Nǹkan tútù aláwọ̀ ewé rú jáde láti ẹnu báàgì bí omi páìpù tó bẹ́. Ó bá dókítà láya, ó bá gbogbo ìwé orí tábìlì, ó ń kán tó, tó, tó láti orí gèlè Màámi. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó tún yọ orí padà.

Dókítà fi ìka kan nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀. "Úgù?"

Màámi ló fi ìgbéraga dáhùn. "Úgù Òkukù ni, dókítà. Kọ́ọ̀bù méjì lójúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀yin ń bù lómi, èmi ni mò ń dá a padà!"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìgbà tó wá dákẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ohun tó wà nínú ewé yẹn gan-an ló ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Ó ní òun ń fa okùn síbí, àwa ń fà á sọ́hùn-ún, òun ò sì rí wa. "Bí ẹ bá kàn jí lọ́jọ́ kan tí ẹ ò mu úgù yìí mọ́, pẹ̀lú oògùn tí mo ti fi kún un yìí, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára yín, kó má dúró."

Ọwọ́ Màámi bọ́ sílẹ̀. "Háà. Ṣé mo ti fẹ́ pa ìyàwó ọmọ mi ni?" Omi bọ́ lójú wọn. Àánú wọn ṣe mí, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé mo ti ka ìwé, mo ti mọ̀.

"O kà á? O kà á, o sì ń gbé e mu?"

"Ẹ̀yin lẹ ń gbé e fún mi, Màámi. Báwo ni màá ṣe kọ̀ ọ́?"

"Ṣé tí mo bá gbé kẹrosín-ìn fún ọ, wàá mu ún? Ọ̀dẹ̀!" Wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n sì fà mí mọ́ra, úgù lára wọn, úgù lára mi.

Dókítà dín oògùn mi kù, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lemọ́lemọ́. Ó ní mo lè jẹ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ díẹ̀, kó sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Màámi di ọlọ́pàá. Àlejò ì báà wà nílé, wọ́n á na ọwọ́ láti ìdáná: "Ṣíbí méjì! Mo ń kà á o!" Ọ̀sẹ̀ kìíní dáa. Ìkejì dáa. Nígbà tí ìkẹta dáa, mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù débi pé oníbàárà kan sá jáde pẹ̀lú apá aṣọ kan ṣoṣo.

Wọ́n fi iná kàn mí l'Óṣogbo lóòótọ́. Mo lajú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ṣe é kí wọ́n tó mú iná lọ." Nọ́ọ̀sì ní, "Màdáàmù, a ti ṣe é tán." Mo gbé ọwọ́ lé àyà. Kì, kì, kì. Mo sunkún bí ọmọ tuntun. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ó lè padà wá, mo sì ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ títí di òní. Bó bá padà, a ó tún jókòó rò ó: oògùn ni, iná ni, tàbí òmíràn tí wọ́n ń ṣe níbi tó jìnnà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sí ohun tó máa gba ọ̀nà ọ̀fun mi tí dókítà ò ní gbọ́. Ojú tì mí nígbà tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, aṣọ dókítà ló sì lọ sí i.

Lọ́jọ́ tí mo padà délé, Àánú ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà lẹ́nu ìyá àgbà. Ó kó ẹ̀fọ́ inú àwo rẹ̀ sápá kan, ó káwọ́ gbera.

"Èmi náà ò jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́."

Ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo ti àwo náà padà síwájú rẹ̀. "Èmi tí mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ka ṣíbí ẹ̀fọ́ fún. Jẹ ẹ́ tán kíákíá, kí a jáde síta. Èmi àti ìwọ la ó jọ sáré lónìí, tí o bá sì ṣeré, màá fi ọ́ sẹ́yìn."