Kíákíá Fún Eku Níṣẹ́

Wọ́n ní iṣẹ́ ìwádìí wa ń rìn bí ìgbín, ni ọ̀gá àgbà bá lọ gba ọlọ́gbọ́n kan wá pé kó mú un yá. Àwa la sọ ọ́ ní Kíákíá. Kì í jókòó, kì í sì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìbéèrè ń fi àkókò ṣòfò.

Ọjọ́ tó dé ló kó gbogbo àga kúrò ní láàbù. Ó ní ẹni tó bá jókòó, oorun ló ń wá. A dúpẹ́ o. Ẹsẹ̀ wa náà dúpẹ́.

Ló bá wọ yàrá eku.

Yàrá yìí, ti Ìyá Eku ni. Ọmọge ni o, kò tíì bímọ. Ọdún méjì tó ti fi ń tọ́ eku ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń dín ọ̀rá ikùn kù ló ń dán wò. Eku apá ọ̀tún ń lo oògùn, ti apá òsì ń mu omi lásán, kó lè fi wọ́n wéra. Orí ìyàtọ̀ yẹn ni oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ wà. Kí Kíákíá tó dé ló ti lọ fún ìsinmi, ó fi wọ́n sílẹ̀ sọ́wọ́ èmi olùtọ́jú eku.

Kíákíá wo ọ̀tún: eku pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n ń sáré fìrì, fìrì. Inú rẹ̀ dùn. Ó wo òsì: eku rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n nà gbalaja, wọ́n ń hanrun.

Ó ní kí ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí. Mo ní wọn kì í ṣe nǹkan kan, sà, iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn.

Ó wò mí bíi pé èmi ni mo bí wọn.

"Wọ́n ń jẹun, wọn ò ṣiṣẹ́, ìwọ náà tún ń gbè wọ́n?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ó ní àlàyé náà ń fi àkókò ṣòfò. Wàrà, ó da oògùn sómi gbogbo wọn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí n máa ṣe lójoojúmọ́.

Nígbà tí Ìyá Eku fi máa dé, gbogbo eku ti fọn bákan náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fìdí lé àga.

Àga wo?

Gbìì!

Ẹ̀rín ń pa mí, àánú rẹ̀ náà sì ń ṣe mí. Kíákíá wá ń yangàn lójú ọ̀gá àgbà pé eku tó ń ṣiṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì.

Ìyá Eku sunkún ṣàlàyé fún ọ̀gá: bí kò bá sí èyí tí a ò fún ní nǹkan kan, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́. Làálàá ọdún méjì ti wọgbó.

Ọ̀gá yíjú sí Kíákíá. "Ṣé ó yé ọ báyìí?"

Kíákíá ní kò fi bẹ́ẹ̀ yé òun.

"Kò burú. Lóṣù yìí, gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa gbowó oṣù. Ìwọ nìkan la ò ní fún ní nǹkan kan. Tóṣù bá parí, a ó fi yín wéra."

Ìyá Eku nu ojú rẹ̀. Ó ní òun lòun á máa wọn ikùn Kíákíá láràárọ̀.