Ẹjọ́ Alága Tó Di Kọ́là

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó, síbẹ̀ òun ló mú kí gbogbo ìgbìmọ̀ fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni akọ̀wé ààfin. Bí ẹ bá rí ibi tí ìwé mi ti wọ́, ẹ̀rín ló gbọ̀n mí lọ́wọ́.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé. Tíṣà ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́. Ó gbé àpò aláwọ kan kọ́ apá, omijé kún ojú ẹ̀. Kò tíì kúnlẹ̀ tán tó fi figbe ta.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí o! Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti pa Alága!"

Ìgbà yẹn ni ìgbìmọ̀ fò dìde.

"Alága wo? Alága ìlú?"

"Rárá o, Kábíyèsí."

"Alága àwọn ọlọ́jà?"

"Alága tèmi ni. Èmi ni mo tọ́ ọ láti kékeré. Ọdún mẹ́rin la jọ gbé."

Àgbà ìgbìmọ̀ kan tí etí ẹ̀ ti ń wúwo na ọrùn síwájú. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jẹ alága?"

"Ehoro ni, bàbá."

Wọ́n jókòó padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kábíyèsí nu ojú.

"Kí ló dé tí ehoro fi ń jẹ́ Alága?"

"Bó ṣe máa ń jókòó ni, Kábíyèsí. Á ká ọwọ́ sáyà, á wá máa wò wá bíi pé gbogbo wa la pẹ́ dé ìpàdé."

"Ó dáa. Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

"Ọjọ́ Ajé ni mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ilẹ̀kùn àgò ní ṣíṣí. Mo wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá a lẹ́yìn fìríìjì, mo lẹ àwòrán ẹ̀ mọ́ ògiri títí dé ìkòríta. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí bá mi wá a o! Àwa méjèèjì là ń pe 'Alága! Alága!' káàkiri àdúgbò. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù tuntun. Mo gbá wọn mọ́ra, mo gbé àgbọ̀n lé wọn léjìká, ni mo bá rí àmì dúdú kan bí ẹyọ ẹ̀wà lára kọ́là onírun tó yí ọrùn ẹ̀wù náà ká. Kábíyèsí, àmì etí òsì Alága ni! Ọmọ mi ni mo fẹnu kò lọ́rùn ẹlòmíì!"

Ó bú sẹ́kún. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

Kábíyèsí ní kí olùjẹ́jọ́ bọ́ síwájú. Télọ̀ ni ọkùnrin náà, ẹ̀wù òtútù ló ń rán. Abẹ́rẹ́-ò-sùn là ń pè é. Téèpù wà lọ́rùn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pín-ìn-nì kún igbáàyà ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tó dọ̀bálẹ̀, ó yára dìde.

"Télọ̀, ṣé o pa ehoro yìí?"

"Kí Kábíyèsí pẹ́. N ò pa á. Mo gbé e ga ni."

"O gbé e ga báwo?"

"Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni Alága fi wà lójú kan, nínú àgò kan. Kò rìnrìn àjò, kò mọ èèyàn pàtàkì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí! Ó lọ sí ìgbéyàwó méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn èèyàn ń fọwọ́ pa á lára, wọ́n ń ní, 'Èyí mà dáa o.' Lónìí ó dé ààfin. Ehoro wo nínú ìran wọn ló tíì dé ibi tó dé?"

"Ṣé òun fúnra ẹ̀ gbà kí o gbé òun ga?"

"Mo bi í, Kábíyèsí. Mo ní, 'Alága, bí o kò bá fẹ́, sọ̀rọ̀.' Kò sọ̀rọ̀. Mo ní, 'Ó dáa, bóyá ojú ń tì ẹ́. Bí o kò bá fẹ́, nawọ́ sókè.' Kò nawọ́. Mo tún fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó lọ rò ó."

"Kí ló ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún náà?"

"Ó ń jẹ kárọ́ọ̀tì tí mo mú wá."

"Ó fi kárọ́ọ̀tì tàn án!" Tíṣà ké. "Alága ò kọ kárọ́ọ̀tì rí láyé ẹ̀!"

Télọ̀ ní òun ní ẹlẹ́rìí méjì, àwọn aládùúgbò òun ni wọ́n, wọn kì í purọ́. Àkọ́kọ́ ni ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ọkùnrin náà na ara tọ́.

"Ikú ogbó ló pa ehoro yẹn, Kábíyèsí. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó rọra dùbúlẹ̀, ó pa ojú dé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu ẹ̀."

Ìkejì ni alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì títì.

"Ìṣojú mi ni, Kábíyèsí. Ó ń sáré bọ̀ bí ìjì, ó fò láti orí ògiri, ó sì balẹ̀ sórí sísọ́ọ̀sì Télọ̀. Télọ̀ kàn di sísọ́ọ̀sì náà mú ni."

"Ẹnì kan ní ó dùbúlẹ̀, ẹnì kan ní ó ń sáré," Kábíyèsí wí.

"Ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tó sáré tán," oníbàtà dáhùn.

"Arúgbó tó ń fo ògiri?"

"Arúgbó tó lókun ni, Kábíyèsí."

"Ìwọ oníbàtà, ta ló tilẹ̀ sọ fún ẹ pé ó ti darúgbó?"

"Ẹran ẹ̀ le, Kábíyèsí."

Oníbàtà fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ti gbaná jẹ.

"Ẹran ta ló le? Má parọ́ mọ́ olóògbé o! Itan tó kàn mí rọ̀ bí òwú!"

Tíṣà ṣubú lé obìnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Télọ̀ fi téèpù bojú. A fún Tíṣà lómi, a sì fẹ́ ẹ títí ojú ẹ̀ fi wálẹ̀.

Ni Kábíyèsí bá ní kí ìyàwó Télọ̀, ẹ̀gbọ́n Tíṣà, wá síwájú. Obìnrin náà rọra dìde láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó rù, ẹ̀wù náà sì pọ̀ fún un. Kọ́là funfun yí i lọ́rùn ká, gbogbo wa sì rí àmì dúdú yẹn, bí ẹyọ ẹ̀wà.

"Ìyàwó Télọ̀, ṣé o mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

"N ò mọ̀, Kábíyèsí. Ó sọ fún mi pé ọjà lòun ti rà á. Látìgbà tí mo ti dé láti ọsibítù ni òtútù ti wọ inú eegun mi. Mo wọ súwẹ́tà mẹ́ta lérí ara wọn, pàbó ló já sí. Ẹ̀wù yìí ni mo wọ̀ tí mo tó rí oorun sùn." Ó gbé ọwọ́ lé kọ́là, ó sì yára gbé e kúrò. "Nígbà tí mo wà lórí àìsàn, àbúrò mi máa ń gbé Alága wá sójú fèrèsé mi kó lè jẹ ewé níbẹ̀. Òun nìkan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo wá ń wọ̀ ọ́ kiri láìmọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. "Àbúrò mi, gbà á. Gba ọmọ ẹ."

"Ẹ má bọ́ ọ!" Tíṣà sáré dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù náà mú mọ́ ọn lára. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ọ. Òtútù á mú yín."

Àwọn méjèèjì dìrọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún, Alága wà láàárín wọn.

Ìgbà yìí ni Télọ̀ tó sọ òtítọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Kábíyèsí, eyín ìyàwó mi ń gbá ara wọn bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta awọ onírun, wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo ronú pé bóyá kò ní lè dúró dìgbà yẹn. Mo yà nílé Tíṣà, mo rí Alága nínú àgò. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe ò dáa. Nígbà tí mo ń bá àbúrò ìyàwó mi wá a kiri, tí mo ń pè é, ó ń ṣe mí bíi kó dáhùn."

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ Télọ̀ mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́.

"Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́bi, Kábíyèsí, kí ọ̀rọ̀ mi má bí yín nínú, kí lẹ jókòó lé?"

Kábíyèsí wo abẹ́ ara ẹ̀. Awọ ẹkùn ni.

"Bàbá bàbá mi ló pa á."

"Ṣé ẹkùn náà nawọ́ sókè?"

Ìgbìmọ̀ hó, wọ́n ní kí wọ́n lé e síta. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí ti dìde kúrò lórí awọ náà, ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àlejò nínú yàrá ẹ̀. Ó wo àwọn ìgbìmọ̀: bàtà aláwọ, bẹ́líìtì aláwọ, fìlà onírun lórí ẹni méjì.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Ẹni tí kò bá sí awọ ẹran kankan lára ẹ̀ nínú yàrá yìí ni kó dá ẹjọ́ yìí."

Ariwo ta. Àwọn kan ń tú bẹ́líìtì, ṣòkòtò fẹ́ já wálẹ̀. Oníbàtà ń ti ẹsẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Èmi náà rọra fa aago ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì nítorí awọ ni okùn ẹ̀. A wá, a wá, kò kù ju ìyá tó ń gbá ilẹ̀ ààfin lọ, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sílípáàsì rọ́bà àti ìgbálẹ̀ ẹ̀, tó ń retí kí ẹjọ́ parí kó lè ráyè gbálẹ̀.

"Èmi kẹ̀, Kábíyèsí? N ò mọ ìwé o."

"Ehoro náà ò mọ̀ ọ́n. Dá ẹjọ́."

Ìyá agbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì yíjú sí Tíṣà.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Àpò tó wà lápá yín yẹn, awọ màlúù ni àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lorúkọ màlúù náà?"

Tíṣà rọra ti àpò náà sẹ́yìn.

"Mo kàn béèrè ni o. Alága lórúkọ, ó di ẹjọ́. Màlúù ò lórúkọ, ó di àpò. Ohun tí mo rí nìyẹn." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n Tíṣà. "Ìyá, ẹ má bọ́ ẹ̀wù yín. Ẹni tó ti kú ti kú. Bí a bá wá gbé irun ẹ̀ dà nù, a tún pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

"Àwọn ẹlẹ́rìí èké ńkọ́?" Kábíyèsí béèrè.

"Àràárọ̀ ni Tíṣà máa ń fún Alága ní kárọ́ọ̀tì. Níbo ni ìyókù Alága wà báyìí, bí kì í bá ṣe nínú ikùn àwọn méjì yìí? Kí wọ́n máa wá síwájú àgò láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí Tíṣà máa fi kárọ́ọ̀tì tútù bọ́ wọn. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ dì í mú."

Alágbàfọ̀ ní eyín òun ò dáa. Ìyá agbálẹ̀ ní kó gbé ìyẹn wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

"Télọ̀ wá ńkọ́?"

Ìyá náà yíjú sí Télọ̀. "Kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ kan awọ ẹran kankan, àfi tó bá kọ́kọ́ gbé ẹran náà wálé láàyè, tó sọ ọ́ lórúkọ, tó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ ọ fún ọdún kan gbáko. Lọ́jọ́ tí ọdún bá pé, kó pe orúkọ ẹ̀. Bí ẹran náà bá dáhùn, tí Télọ̀ sì lè pa á, kó pa á."

"Ọdún kan!" Télọ̀ pariwo. "Kábíyèsí, ẹ kúkú tì mí mọ́lé!"

"Mo fọwọ́ sí i," Kábíyèsí wí, ó sì kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sétí ìyá agbálẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. "Ẹkùn mi yìí ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ fún un, Kábíyèsí, kí ẹ tó tún jókòó lé e."

Orí ìdúró ni Kábíyèsí wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ yìí, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ kọjá. Oníbàárà kan ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ fìlà onírun, awọ ọ̀dọ́ àgùntàn ló sì fẹ́, torí náà Télọ̀ ti jí lọ sọ́dọ̀ alápatà láti lọ mú ọ̀dọ́ àgùntàn kan wá láàyè, kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún ẹ̀. Mo bá a pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ àgùntàn náà dúró lórí tábìlì tó ti ń gé aṣọ, ìyàwó ẹ̀ sì jókòó nítòsí, ó ń fi ewé bọ́ ọ lẹ́nu.

"Télọ̀, ọdún ẹ̀ ò tíì pé ọjọ́ kan, o ti ń wọn ọrùn ẹ̀?"

"Kì í ṣe ti fìlà. Ẹ̀wù ni mo fẹ́ rán fún un. Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń gbọ̀n ni?"

"Àgùntàn ni, Télọ̀. Ìyá ẹ̀ ti wọ ẹ̀wù fún un kó tó bí i."

"Èyí tó wọ̀ fẹ́lẹ́."

"O ti sọ ọ́ lórúkọ?"

"Láéláé! N ò ya wèrè. Mo ṣì ń wá orúkọ kan tó burú, èyí tí kò ní wọ̀ mí lọ́kàn, kí ọwọ́ mi má bàa gbọ̀n lọ́jọ́ náà." Ó fa téèpù yí ọrùn ẹran náà ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ka nọ́ńbà. "Ọmọ mi, gbórí sókè díẹ̀."

Ọ̀dọ́ àgùntàn náà gbórí sókè.

Ìyàwó Télọ̀ wo èmi. Èmi wo Télọ̀. Téèpù já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún oníbàárà yẹn pé kó máa fi aṣọ wé orí."