Ẹnjiníà Sọjí, Adájọ́ Fóònù

Bí ẹ bá pe Olúsọjí ní Olúsọjí lásán, ìjà lẹ wá. Ẹnjiníà Sọjí ni. Ọkọ íńtánẹ́ẹ̀tì, bàbá kọ̀ǹpútà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló fi kọ́ṣẹ́, àmọ́ káàdì tó ń há fún èèyàn fẹ̀ tó àwo ìjẹun.

Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ wọn ní Glenn Dale, ní Amẹ́ríkà, ló kó sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó bá ń wa mọ́tò lọ sí ọsibítù ti ń kọ aago tó máa gbéra, kí ẹni tí kò ní mọ́tò lè bá a lọ. Wọ́n ní kí Sọjí bá àwọn tún un ṣe.

Sọjí tún un ṣe. Ó kọ orúkọ ogójì fóònù tóun kà sí fóònù gidi. Bí èèyàn bá ṣí ojú ewé náà, ètò kọ̀ǹpútà tó kọ á wo orúkọ fóònù onítọ̀hún. Bó bá wà nínú ogójì, ó wọlé. Bí kò bá sí, ohun tó máa rí nìyí: "Fóònù yín kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹ pe Ẹnjiníà Sọjí, kí ẹ ra tuntun." Nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ta ló ń ta fóònù ọ̀hún? Ẹnjiníà kan náà ni, nínú búùtù mọ́tò rẹ̀.

Oyèníkẹ́, tó ń gbé ní Suitland láìní mọ́tò, ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pẹ́ débi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máa lọ sílé.

"Brother Sọjí, ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ń ṣí i dáadáa tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni mo fẹ́ kà, I don't need picture."

"Sister mi, technology ò mọ ẹ̀bẹ̀. Ẹ upgrade."

Gbólóhùn yìí dùn mọ́ Sọjí débi pé ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì nínú mọ́tò, òun nìkan.

Ní Sátidé tó parí oṣù kẹfà ọdún 2007, ẹgbẹ́ pàdé láti pinnu bóyá kí wọ́n fi ojú ewé náà lé e lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Sọjí ti tò sórí ìlà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì ra fóònù tuntun tí kò ní bọ́tìnnì, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tíì fi ṣe nǹkan kan ju kó fi pe èèyàn méjìlá pé òun ti rà á.

"Ẹnjiníà," ni Mama Bọ́lánlé, ààrẹ ẹgbẹ́, wí, "Oyèníkẹ́ ní ẹ tilẹ̀kùn mọ́ òun."

"Mummy, èmi kọ́. Ètò náà kì í ṣojúsàájú. Good phone, no problem! Ẹ gba tèmi, ẹ kà á sókè."

Ó ṣí ojú ewé náà, ó gbé fóònù fún Mama láì wò ó, ó sì kọjú sí àwọn èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mama wọ awò ojú. Ohùn tó fi ń pàṣẹ ní wọ́ọ̀dù fún ọgbọ̀n ọdún ló fi kà á:

"Fóònù yín kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹ pe Ẹnjiníà Sọjí, kí ẹ ra tuntun."

Ẹ̀rín kú mọ́ Sọjí lẹ́nu. Oṣù kejì ló ti kọ orúkọ ogójì rẹ̀, fóònù yìí kò sì tíì jáde nígbà náà.

"Network ni! Ẹ tún un ṣí, Mummy."

Mama tún un ṣí, ó sì tún un kà, ketekete.  Oyèníkẹ́ ṣí fóònù kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà Ẹnjiníà tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà. Fóònù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ Mama.

Mama nà án sí i. "Ẹ gbé e, Ẹnjiníà. Oníbàárà yín ni."

Ìtìjú ò jẹ́ kó ronú, ló bá gbé e. "Hẹ́lò?"

"Brother Sọjí, Oyèníkẹ́ ni. Mo ń wá fóònù fún brother kan tí tiẹ̀ ò kún ojú òṣùwọ̀n."

Yàrá náà dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn kan ń nu omijé, àwọn kan di àga mú. Mama ò rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí kọ̀ǹpútà tí Sọjí gbé wá, ó ní kó jókòó kó pa gbogbo orúkọ náà rẹ́ lójú ẹgbẹ́. Sọjí ń pa wọ́n rẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń kà wọ́n sókè bí ìgbà tí wọ́n ń ka oògùn fún aláìsàn: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí ó fi pé ogójì.

Oyèníkẹ́ tún ojú ewé náà ṣí lórí fóònù rẹ̀, ó wọlé, ó sì nawọ́ sókè.

"Auntie Rìnsọ́lá, mo ti rí orúkọ yín. Aago márùn-ún lẹ máa gbéra, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."