Ẹ̀rọ Ìránṣọ Inú Ọ̀rá

Lánàá òde yìí ni ẹjọ́ kan wọ́ wọ ààfin. Ìyá Abẹ́rẹ́, ọ̀gá àwọn aránṣọ, ló pe máníjà ilé iṣẹ́ wọn lẹ́jọ́. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè kí olóyè tó ń gbọ́ ẹjọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ lè rí i. Abẹ́rẹ́ ti gún un títí ó fi dà bí ajere.

"Bàbá, ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tí wọn ò tú kúrò nínú ọ̀rá kún yàrá ìkẹ́rù wa bámúbámú, síbẹ̀ ọwọ́ la fi ń ránṣọ. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ò tíì dé ìdajì. Bí a ò bá parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì, gbogbo wa á sì relé."

Máníjà dìde. Ó so táì mọ́rùn, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e lọ́jà ṣì wà lára táì náà.

"Bàbá, ẹ̀rọ tí wọ́n bá lò, gbígbó ló ń gbó. Látìgbà tí mo ti dé ipò yìí, ẹyọ kan ò bàjẹ́ rí. Ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá dé la máa kó wọn jáde."

"Àlejò wo?"

"A ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ìjòyè kan kùn pé ẹni tó lórí kò ní fìlà.

Ẹni tó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rù jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ aránṣọ kankan kì í wọbẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí kò fi sí eruku lára àwọn ẹ̀rọ náà. Ó ní máníjà ń wọlé láràárọ̀ láti nù wọ́n, á sì bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa.

Ni máníjà bá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbè é.

"Bàbá, ọkọ mi kì í ṣe ahun. Ó ra bẹ́ẹ̀dì ńlá fún mi. Ilẹ̀ la ń sùn sí, kí bẹ́ẹ̀dì má baà gbó."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Abẹ́rẹ́ ò bá wọn rẹ́rìn-ín, inú ń bí i gidi.

"Máníjà," olóyè ní, "nínú gbogbo ohun tílé iṣẹ́ yín ní, èwo ló ṣe iyebíye jù?"

Máníjà tún táì ṣe. "Èmi ni, Bàbá."

"Kí la sì ń ṣe fún ohun iyebíye?"

"À ń fi pamọ́ ni."

Olóyè ní ó tán, ẹlẹ́jọ́ ti bá òun dá a. Kí wọ́n bọ́ ọ̀rá lára gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà rán ọ̀rá pọ̀, kí wọ́n wé máníjà sínú ẹ̀. Kí wọ́n lu ihò síbi imú àti ẹnu, kí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ ní yàrá ìkẹ́rù. Láràárọ̀, kí Ìyá Abẹ́rẹ́ máa nù ún, kó sì máa bi í bóyá ó sùn dáadáa.

"Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n máa gbé mi jáde?"

"Ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá dé."

"Àlejò wo?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀.

"A ò tíì mọ̀ ọ́n, sà."